Ogun Àgìdìngbì Tí Mo Tún Jà ní Ìsàlẹ̀ Gángan

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dá ogun sílẹ̀, kó má wulẹ̀ wá ìbọn kiri. Kó wá ọmọ ilé-ìwé kan tí ojú ń pọ́n fún máàkì, kó fún un ní iṣẹ́ àṣetiléwá, kó sì ní kó lọ wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ilé rẹ̀. Ó parí náà nìyẹn. Èmi ni wọ́n fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rán lọ́dún tí mo ń sọ yìí, ọdún tí àwọn kan wá tún gọ́tà iwájú ilé wa ṣe, tí wọ́n tún un ṣe dáadáa débi pé omi tó máa ń dúró sójú títì tẹ́lẹ̀ wá ń wọ pálọ̀ wa tààrà. Mi ò kàwé púpọ̀. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo parí, mo sì lọ kọ́ iṣẹ́ títún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, nítorí náà kí ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú ohun tí mo kọ yìí fi orí jì mí. Àṣìṣe tó tóbi jù tí mo tíì ṣe, orí ìwé ni mo ti ṣe é, máàkì ńlá ni wọ́n sì fún mi lé e lórí.

Ìsàlẹ̀ Gángan ni ilé wa wà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ilẹ̀ òkè rẹ̀ jẹ́ pákó, tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá sín lókè, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni yóò kí i pẹ̀lẹ́. Kò sí àṣírí nínú ilé náà. Ohùn ládàánì ló máa ń kọ́kọ́ jí wa, lẹ́yìn rẹ̀ ni rédíò òkè á bẹ̀rẹ̀ orin ìsìn, lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ ata ojúlé kejì á bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín rẹ̀, tí àwọn ọmọlanke á máa kó ẹrù kọjá lọ sọ́jà, tí àwọn tó ń tì wọ́n á sì máa bú gbogbo ohun tí kò yà lọ́nà, títí kan òkúta. Iṣẹ́ tèmi láàárọ̀ ni kí n pọn omi kún àgbá ìsàlẹ̀, kí n pọn omi kún àgbá òkè, kí n gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n sì dúró kí àwọn àgbà méjì yẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà wò kí wọ́n tó gbà pé mo gbá a. Ọ̀kan ò gbà á rí kí èkejì tó gbà á.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni ìsàlẹ̀. Màmá Sísì ló ni òkè. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi ìdí tí wọ́n fi ń pe arúgbó ní Sísì, àmọ́ bó ṣe ń fi àtíkè sójú kó tó wá síbi fèrèsé láti bú ọlọ́mọlanke, orúkọ náà bá a mu. Agùdà ni Màmá Sísì, ìyẹn ni pé ó wà lára ọmọ àwọn tí wọ́n tà sókè òkun láyé ẹrú tí wọ́n sì ti Bràsíìlì padà wálé, baba ńlá rẹ̀ ló sì kọ́ ilé náà. Ìyàwó ni wọ́n gbé Ìyá Àgbà wá síbẹ̀, nítorí ayálégbé ni bàbá bàbá mi. Nígbà tí èmi fi máa gbọ́njú, kò sẹ́ni tó tún ń rántí ẹni tó ni ilé àti ẹni tó háyà. Bí a bá ń gbààwẹ̀, Màmá Sísì tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kátólíìkì ló máa ń ro ẹ̀kọ tí Ìyá Àgbà fi ń ṣínu. Bó bá di Gúdù Fúráídè, tí àwọn Agùdà ń se fùréjọ̀n, ìyẹn ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n fi omi àgbọn sè, àwo àkọ́kọ́ kì í balẹ̀ níbì kankan, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà tó ń kírun ló ń lọ.

Ohun kan ṣoṣo tí wọn ò rí yanjú ni ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ìyá Àgbà ní wọ́n bí òun lọ́dún tí òkun gbé ilé lọ. Màmá Sísì ní òun ti ń rìn lọ́dún náà. Ọdún tí òkun ń gbé ilé lọ ní Èkó kò sì lóǹkà. Nítorí kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ ara rẹ̀ di àbúrò tàbí kó fara hàn bí aláìlẹ́kọ̀ọ́, àwọn méjèèjì ń sọ “ẹ” síra wọn. Ẹ kú àárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti jẹun? Mo gbé inú ilé yẹn títí mo fi hu irùngbọ̀n, yàtọ̀ sí ọdún tí mo ń sọ yìí, mi ò gbọ́ “ìwọ” láàárín wọn rí.

Tíṣà tó ń kọ́ wa ní Yorùbá kì í ṣe ọmọ Èkó. Ìlú òkè ló ti wá, ó sì gbà pé ará Èkó ò gbọ́ Yorùbá, pé àdàlù ẹ̀wà òun àgbàdo ni ohun tí à ń sọ lẹ́nu. Ó ní táámù yẹn, ìtàn ogun àwọn baba wa la máa kọ. Ó pín ogun fún wa bí ẹni ń pín ẹran Iléyà: àwọn tó jókòó síwájú gba èyí tó lẹ́ran lára, àwa tí a wà lẹ́yìn gba egungun. Egungun tèmi ni Ogun Àgìdìngbì. Ó ní kí a lọ ṣe ìwádìí. Ní àdúgbò wa, kí èèyàn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan kó lọ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, òfófó là ń pè é, wọ́n sì máa ń fi ìgbálẹ̀ na ọmọ lórí rẹ̀. Àmọ́ bí máàkì bá ti wà níbẹ̀, ìwádìí ló ń jẹ́.

Mo ṣe bí ọ̀mọ̀wé. Mo yá fóònù bàbá mi, mo tẹ Àgìdìngbì síbẹ̀, fóònù sì gbé máàpù jáde pé Ìkẹjà ni, ó tilẹ̀ fi bọ́sì tí mo lè wọ̀ débẹ̀ hàn mí. Kí ni mo tún ń wá? Mo jókòó, mo sì kọ ọ́ pé Ogun Àgìdìngbì jẹ́ ogun ńlá kan tí wọ́n jà ní Àgìdìngbì ní ìlú Ìkẹjà. Ibì kan wà tí mo ti rí i kà pé ọkọ̀ ojú omi ni àwọn òyìnbó gbé wá, nítorí náà mo wo máàpù, mo wá ọ̀nà fún wọn, mo sì kọ ọ́ pé àwọn òyìnbó tukọ̀ wọn gba Ọrẹ́gùn wọlé. Inú mi dùn sí gbólóhùn yẹn. Mo lọ kà á fún àwọn àgbà méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín, mi ò rò pé wọ́n rín irú rẹ̀ mọ́ lọ́dún náà. Màmá Sísì di ẹ̀gbẹ́ mú. Ó bi mí pé ṣé orí ọ̀dà títì ni wọ́n ti ń tukọ̀ náà, àti pé nígbà tí wọ́n dé Ọrẹ́gùn, ta ló já wọn ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyá Àgbà fi etí ìborùn nu ojú, ó ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé ilé-ìwé ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Ó ní Àgìdìngbì tí mo ń wá kiri Ìkẹjà, orúkọ ìlú kọ́ ni, ìró ni. Ó gbé ọmọ odó, ó fi gún ilẹ̀: à-gì-dìn-gbì. Ó ní bí àgbá òyìnbó ṣe dún létí àwọn ìyá ìyá òun nìyẹn, òun náà ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Mo wo àgbá omi wa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ń rò ó bí wọ́n ṣe ń sọ irú ẹ̀ lu èèyàn láti inú ọkọ̀. Màmá Sísì rí ibi tí ojú mi lọ, ẹ̀rín mìíràn bá tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àgbà ní kì í ṣe àgbá omi, àgbá tó ń tu iná ni. Ó ní orí òkun ni wọ́n gbà dé, wọ́n wọnú ọ̀sà, ibi tí mo jókòó sí yìí gan-an ni iná ti jó.

Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. Kí n pa Ìkẹjà rẹ́, kí n kọ Èkó sí i, kí n lọ sùn. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé ni mí, ìwádìí ò tíì tó.

Mo bá Ìyá Àgbà ní ìdí ààrò níbi tó ti ń yí dòdò padà. Ó ní ọmọ ọba méjì ló ń jà sí ìtẹ́ kan. Èyí tó wà lórí ìtẹ́ lọ́jọ́ náà, ti àwọn èèyàn òun ni. Èkejì lọ bá òyìnbó, ó ní kí wọ́n gbé òun dé ilé bàbá òun, òyìnbó sì gbé e dé ilé bàbá rẹ̀, ó sun ilé náà kó tó gbé e síbẹ̀, láti ọjọ́ náà ni òyìnbó kò sì ti kúrò ní pálọ̀ mọ́. Àwọn èèyàn òun kó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọba wọn, wọ́n gba orí ọ̀sà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìdí nìyẹn tí àbúrò òun ọkùnrin fi ń gbé ní Ẹ̀pẹ́ títí di òní. Ó fún mi ní dòdò. Mo gbé dòdò gòkè, mo sì bi Màmá Sísì pé Ìyá Àgbà ní báyìí báyìí, ṣé òótọ́ ni. Màmá Sísì ń rin àgbọn lọ́wọ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ga. Ó ní òótọ́ ni, àmọ́ kí n bi Ìyá Àgbà ohun tí wọ́n ń tà létí omi yẹn kí àgbá tó dún. Ó ní èèyàn ni. Ó ní àwọn baba òun wà lára ọjà. Ó ní ẹni tí ilé rẹ̀ jó lè máa pe àgbá yẹn ní ìparun, ẹjọ́ rẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n létí àwọn tí wọ́n ń tà, orin ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tó lè wálé láìsí pé ẹnì kan tún mú wọn tà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé tí mo ń jẹ dòdò nínú rẹ̀. Ó ní nígbà tí àgbá dún, àwọn tó ń tà wọ́n sá lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Bí mo ṣe ń gòkè tí mo ń sọ̀ nìyẹn títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Mo gbé ọ̀rọ̀ lọ, mo gbé oúnjẹ bọ̀. Lónìí tí mo bá rò ó, ó yà mí lẹ́nu pé àwọn méjèèjì ti jọ gbé látìgbà tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n ti jọ sin òkú, wọ́n ti jọ gbẹ̀bí, kò sì sí ẹni tó bi èkejì léèrè ọ̀rọ̀ yìí rí. Mo rò nígbà náà pé wọn ò mọ̀ ọ́n ni. Mo rò pé èmi ni mo wá là wọ́n lójú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wá bà á jẹ́, ẹ̀kọ́ gírámà ló sì fà á. Tíṣà ti kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe, ó ní ẹni tó bá gbédè kì í fi gbólóhùn gígùn sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan lè sọ. Màmá Sísì ní “wọ́n sá lọ sí Ẹ̀pẹ́.” Mo ń wá ọ̀rọ̀-orúkọ fún àwọn tó sá. Mo yẹ ọ̀rọ̀ wò bí ẹni ń ṣa tòmátì lórí àtẹ. Sísá kúrú jù. Àsálà dà bí ohun tí wọ́n ń jẹ. Ìsáǹsá ló dún bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Mi ò mọ̀ pé olè tó bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, tàbí ẹrú tó bọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀, ni àwọn àgbà ń pè bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: “Gẹ́gẹ́ bí Màmá Sísì ti wí, àwọn ìsáǹsá náà gba Ẹ̀pẹ́ lọ.”

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni bàbá mi ní kí n ka iṣẹ́ náà sí gbogbo ilé létí, kí wọ́n lè gbọ́ bí ọmọ òun ṣe gbọ́n tó. Màmá Sísì ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó wà nínú aṣọ funfun rẹ̀, Ìyá Àgbà jókòó sórí àga tó kọjú sí i. Mo kà á bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Nígbà tí mo dé ibi ìsáǹsá, Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo rò pé ó dùn mọ́ ọn ni. Mo tún un kà, mo tilẹ̀ gbé ohùn sókè sí i.

“Sísì,” Ìyá Àgbà ní, “ìsáǹsá ni mí?”

“Ẹnu mi kọ́ ló ti jáde. Mo ní wọ́n sá. Àbí wọn ò sá ni?”

“Ẹni tó sá ní ilé tó ti sá kúrò. Ìsáǹsá ò nílé. Ìwọ lo sọ ọ́, o ò jẹ́ wò mí lójú kó o sọ ọ́.”

Gbogbo wa la gbọ́ “ìwọ” yẹn. Ìyá mi tó ń pín omi dúró. Mo rí Màmá Sísì tó gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ta omi sí lójú.

“Ìwọ, ta?” ó ní. “Tó bá ti di ìwọ, ìwọ náà sọ fún mi: ilé ta lo jókòó sí yìí?”

Ìyá Àgbà dìde. Ọ̀rọ̀ kan wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń sọ sí ọmọ ẹni tí wọ́n tà. Kò gùn, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Mo rí ètè rẹ̀ tó mú ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ẹnu rẹ̀ ti ṣí, gbogbo ilé sì ń wò ó. Ó pa ẹnu dé, ó tún gèlè rẹ̀ wé bí ẹni pé òun ló tìtorí rẹ̀ dìde, ó sì wọ yàrá lọ.

Mo ṣe ohun tí wọ́n ní kí ọmọ dáadáa máa ṣe: mo sọ òótọ́. Mo ní Màmá Sísì ò sọ bẹ́ẹ̀, pé èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀. Bàbá mi ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dá wà níkùn ọmọdé, ta ló kọ́ mi? Mo ní tíṣà ló kọ́ wa, pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni. Ìyá mi gbá mi létí pé mo ń gbè sẹ́yìn Màmá Sísì nítorí àgbọn. Mo gòkè lọ sọ òótọ́ kan náà fún Màmá Sísì. Ó ní kí n yéé parọ́ nítorí ìyá bàbá mi, pé òun mọ̀ pé wọ́n rán mi wá ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti máa ń ṣọ́ra bí mo bá fẹ́ sọ òótọ́ fún àgbàlagbà. Kì í bá wọn lára mu.

Ilé pín sí méjì. Kò sẹ́ni tó fa ìlà, àmọ́ gbogbo wa mọ àtẹ̀gùn tó jẹ́ ibodè. Rédíò òkè dákẹ́. Ìyá Àgbà ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi tí wọ́n fà ní ìsàlẹ̀ ro ẹ̀kọ lókè, Màmá Sísì náà sì ní kí wọ́n bá òun sọ fún ẹni tó bá ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ òun kó rọra rìn. Àbúrò bàbá mi wá láti Ìta Fàájì láti wá parí ìjà. Ó jẹun nísàlẹ̀, ó ní Ìyá Àgbà ló jàre. Ó gòkè, ó jẹun, ó ní Màmá Sísì ló jàre. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ní kò sí wàhálà mọ́, ó sì lọ. Irú ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa rán lọ sí ibi tí orílẹ̀-èdè ń bá orílẹ̀-èdè jà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Àgbà di ẹrù. Ó ní wọ́n ní àwọn èèyàn òun sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó dáa, ọ̀nà rẹ̀ ò tíì dí. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ìyá mi kúnlẹ̀, kò gbọ́. Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun, bí òun bá sì kú síbẹ̀, kí wọ́n sin òun síbẹ̀. Inú yàrá rẹ̀ ni mo ti ń sùn látìgbà tí wọ́n ti já ọmú lẹ́nu mi. Òun ló ń jí mi, òun ló ń bá mi gbé orí ẹja pamọ́, òun nìkan ló ń pè mí ní Àjàní nínú ilé tí gbogbo ayé ti ń pè mí ní Lásísì. Kò wojú mi nígbà tó ń jáde. Mo gbé àpò rẹ̀ dé ojú títì, mo sì dúró síbẹ̀ títí ọlọ́mọlanke kan fi bú mi pé kí n yà.

Ìgbà tó lọ tán ni mo tó mọ bí ilé ṣe ń dákẹ́. Ẹ̀rọ ata ń ké, ládàánì ń pè, síbẹ̀ ilé dákẹ́. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ Màmá Sísì láàárọ̀ tó bá ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó máa ń dé ìdajì, á dúró, á padà. Lọ́jọ́ kan ó se ìmóyò, ọbẹ̀ ẹja tí àwọn Agùdà ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti òróró sè, ó bù ú sínú àwo, ó ní kí n gbé e lọ bá Ìyá Àgbà kó tó tutù. Mo gbà á. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá kí n tó rántí pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, Màmá Sísì dúró lórí àtẹ̀gùn, òun náà ti rántí. Ó ní kí n jẹ ẹ́. Mi ò rí i jẹ.

Nílé-ìwé, èmi ni mo ṣe dáadáa jù. Tíṣà fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ìsáǹsá, ó kọ “ọ̀rọ̀ tó péye” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n bọ́ síwájú kí n kà á fún gbogbo kíláàsì, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó ní bí gbogbo ọmọ Èkó bá lè máa bá àgbà sọ̀rọ̀ báyìí, ilé wa ì bá tòrò.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa kí Màmá Sísì tó pè mí láàárọ̀ Sátidé kan. Ó ti wọ bàtà. Ó ní kí n gbéra, ogun tí mo dá sílẹ̀, a ń lọ parí rẹ̀. Obìnrin tí kì í kọjá Ìdúmọ̀tà láìsọ pé òun ti jìnnà sílé, òun ló jókòó tì mí nínú ọkọ̀ dé Ẹ̀pẹ́, tó di rósárì rẹ̀ mú gírígírí, tó ń bi mí ní gbogbo ibùdókọ̀ pé ṣé ibí kọ́. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀, ó bi mí bí mo bá mọ ohun tí òun máa sọ. Mo ní rárá. Ó ní òun náà ò mọ̀ ọ́n.

Ìyá Àgbà jókòó níwájú ilé àbúrò rẹ̀, ó ń họ ìpẹ́ ẹja sínú ọpọ́n. Ó rí wa láti òkèèrè. Ó tẹjú mọ́ ẹja bí ẹni pé ẹja náà ń bá a sọ̀rọ̀.

“Ta nìyẹn?” ó ní, nígbà tí a dé iwájú rẹ̀.

“Òyìnbó ni,” Màmá Sísì dáhùn, ó ń mí hẹlẹ. “Mo tún kó àgbá dé.”

Èjìká Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ mì. Mo rò pé ẹkún ni. Nígbà tó gbé ojú sókè, ẹ̀rín ló ń pa mọ́ra, kò sì rí i pa mọ́. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sí i. Màmá Sísì jókòó, ó mú ọ̀bẹ kejì, ó fa ẹja kan sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo ní èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Àgbà ní kí n dìde, aṣọ mi ń dọ̀tí.

“Mo mọ̀,” ó ní. “Láti ọjọ́ tó o ti kà á ni mo ti mọ̀. Sísì ò lè pe ìsáǹsá kó má tutọ́ sí èèyàn lára, eyín iwájú rẹ̀ ti lọ.”

Mo bi í pé kí ló dé tó fi wá lọ. Màmá Sísì ló kọjú sí.

“Ọ̀rọ̀ kan dé ẹnu mi lọ́jọ́ náà.”

“Mo gbọ́ ọ.”

“Mi ò sọ ọ́.”

“Mo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.”

Ọ̀bẹ méjèèjì dúró. Ìyá Àgbà ní wọn ò kọ́ òun ní ọ̀rọ̀ náà, ó kàn wà nínú ilé tí wọ́n bí òun sí ni, bí ìkòkò tí ìyá fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ó ní òun ò mọ̀ pé ó ṣì wà lọ́wọ́ òun. Ó ní nígbà tó dé etí ètè òun tó sì dùn létè òun, ẹ̀rù ara òun ló ba òun. Bí òun bá dúró sílé, ọjọ́ kan ni yóò bọ́.

“Ṣé ẹ ti wá jù ú sómi níbí?” Màmá Sísì bi í.

“Kò lọ. Ó ṣì wà.”

Màmá Sísì ò wò ó. Ó yí ẹja náà padà, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì.

“Ẹ gbé e wálé bẹ́ẹ̀,” ó ní. “Èmi náà ní tèmi. Látìgbà tí a ti jọ ń gbé ni mo ti ń fi ẹran Iléyà yín gbé e mì.”

Wọ́n jọ họ ẹja náà títí ó fi tán nínú ọpọ́n. Èmi tó jẹ́ pé ìbéèrè ni iṣẹ́ mi, mi ò rí ìbéèrè kankan bi. Nírọ̀lẹ́, àbúrò Ìyá Àgbà rí i tó ń di ẹrù, ó ní kí ló ń lé e, ṣé kò lè dúró kí òjò dá. Ìyá Àgbà ní òun ń sá lọ sí Èkó ni. Ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu débi pé ó tún un sọ fún ọlọ́kọ̀.

Táámù tó tẹ̀ lé e, tíṣà tún pín ogun. Nítorí iṣẹ́ mi tó ti wú u lórí, èmi ló kọ́kọ́ fún, ẹran gidi ló sì bù fún mi lọ́tẹ̀ yìí: Ogun Kírìjì, tí àwọn Ìjẹ̀ṣà òun Èkìtì bá Ìbàdàn jà. Ó ní ìró àgbá ni wọ́n fi sọ òun náà lórúkọ. Mo gbé e délé. Lọ́dún náà, ọkùnrin aránṣọ kan ti háyà yàrá ẹ̀yìnkùlé wa, jẹ́jẹ́ èèyàn, ọmọ Iléṣà. Ọmọ Ìbàdàn ni ìyàwó rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wà nínú oyún, ọkọ rẹ̀ ń fẹ́ iná sábẹ́ ìkòkò fún un, wọ́n ń rẹ́rìn-ín lórí nǹkan kan tí mi ò mọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ọkọ kí mi, ó ní Lásísì, kí lo fẹ́ bi wá? Mo ní mo kàn ní kí n kí wọn ni. Nígbà tí tíṣà bèèrè iṣẹ́ mi, mo ní mi ò rí ẹni bi. Ó fún mi ní òdo, ó ní ọ̀lẹ ni mí, pé ó mọ̀ pé ọmọ Èkó kò lè ṣe dáadáa lẹ́ẹ̀mejì. Aránṣọ àti ìyàwó rẹ̀ ṣì wà pọ̀ títí di òní. Wọn ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.